Ìlà Tó Wà Lára Òpó Ilẹ̀kùn Wa

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní ìlú Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí téèpù ti ń wà lọ́rùn mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé téèpù ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìrìn Àjàní, ọmọ mi tí ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy, ti ń bàjẹ́, kí ojú mi tó rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdọọdún ni mo máa ń fi bírò fa ìlà sára òpó ilẹ̀kùn yàrá wa, kí a lè mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń ga sí. Ní oṣù Kejìlá 2018, ìlà Àjàní wà ní ínṣì 54. Ní oṣù Kejìlá 2019, ó wà ní 56. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án 2020, tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ ṣí padà lẹ́yìn ìséde kòrónà, mo tún un wọ̀n nítorí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Gígùn ṣòkòtò rẹ̀ ti fi ínṣì méjì lé sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dúró ti òpó ilẹ̀kùn, orí rẹ̀ kò dé ìlà ti ọdún tó kọjá. Ínṣì 55 àbọ̀ ni. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibì kan náà ni ó ń já sí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn kò yẹ kí ó máa kúrú. Ìgbà náà ni mo tó wo orúnkún rẹ̀ dáadáa, mo sì rí i pé ó tẹ̀ síwájú bí ti ẹni tí ó fẹ́ jókòó, pé ìbàdí rẹ̀ náà ti tẹ̀, àti pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń dúró bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Àjàní ni oríkì tí ìyá ọkọ mi fún un nígbà tí a bí i ní oṣù Kẹta 2007, nítorí pé lóòótọ́ ni a jà kí a tó ní i. Ọmọ oṣù méje ni, kò tó kílò méjì, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú àpótí tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí kò tíì lè dá jókòó dáadáa, oríṣiríṣi orúkọ ni àwọn ènìyàn pe ohun tí ó ń ṣe é. Àwọn kan ní àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tí àrùn yẹn bá mú máa ń rọ ni, ti Àjàní sì le gbagidi, tí méjèèjì máa ń rọ́ lu ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Àwọn àgbà kan ní kí a gbẹ́ ihò sínú iyanrìn, kí a máa gbé e dúró sínú rẹ̀ dé ìbàdí ní kùtùkùtù òwúrọ̀. A ṣe é fún oṣù méjì. N kò bú àwọn tí ó gbà wá nímọ̀ràn, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n oṣù méjì yẹn ì bá ti wúlò fún ohun mìíràn.

Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí dókítà àwọn ọmọdé sọ fún wa pé cerebral palsy ni. Ó ṣàlàyé pé ọpọlọ tí kò tíì gbó ni ó fara pa, yálà kí a tó bí ọmọ, ní ọjọ́ tí a bí i, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Pé ibi tí ó ń darí ẹsẹ̀ ni ó fara pa jù nínú ti Àjàní, èyí tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Àti pé ọgbẹ́ inú ọpọlọ náà kò ní í tóbi sí i. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo dì mú. Mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ní ohunkóhun kò ní í burú sí i mọ́ láyé ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ni ó wí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ó rìn, lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan, tí gìgísẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ní 2013, ilé-ìwòsàn aládàáni kan ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n mú iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn. Nígbà tí wọ́n yọ POP, bándéèjì líle tí wọ́n fi de ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. A jó, a mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdúpẹ́. Wọ́n ní kí a máa lọ sílé, pé ọmọ ti ń rìn. Ẹnikẹ́ni kò fún wa ní ọjọ́ tí a ó padà wá, àwa náà kò sì béèrè, nítorí pé lójú wa, ibi tí à ń lọ ni a ti dé yẹn. Ọdún méje ni físíò kankan, ìyẹn olùtọ́jú tí ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe, kò fi ojú kàn án. Bí mo bá ní àṣẹ, èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí n óò yí padà ní gbogbo ilé-ìwòsàn: ọjọ́ tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kọ́ ni ó yẹ kí a sọ fún un pé ó dàbọ̀. Ìrìn tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń rìn kò ní agbára láti gbé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Nígbà tí mo ronú padà, àmì ti wà káàkiri. Láti bí ọdún kan ṣáájú ni ó ti ń sọ pé iwájú orúnkún ń ro òun, pàápàá bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Ó ń béèrè owó ọkadà fún ọ̀nà tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra ògiri nínú ilé. Bàtà rẹ̀ sì ń yára gbó. Mo bá a wí, mo pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, nítorí mo rò pé ìwà àwọn ọ̀dọ́langba ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí ìséde dé, ó lo oṣù bíi mélòó kan lórí àga pẹ̀lú fóònù, tí orúnkún ká kò láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo sì ń dúpẹ́ pé kò jáde lọ kó àrùn.

Obìnrin físíò tí ó gbà wá ní ilé-ìwòsàn ìjọba kò dàgbà tó mi, Màmá Àjàní ni ó sì ń pè mí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ òpó ilẹ̀kùn fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fún òun ní téèpù mi. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí ẹní, ó sì wọ̀n ọ́n ní abala-abala: láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé ìbàdí, láti ìbàdí dé àtàrí. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ínṣì 59 ni. “Màmá Àjàní, ọmọ yín ga o,” ni ó wí. “Ìdúró rẹ̀ ni ó ń jẹ gíga rẹ̀.” Ínṣì mẹ́ta àbọ̀ ni orúnkún àti ìbàdí tí ó tẹ̀ ti gbé mì.

Àlàyé tí ó ṣe fún mi lọ́jọ́ náà ni ó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe fún mi ní 2013. Ọgbẹ́ ọpọlọ kò tóbi sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara tí ọpọlọ náà ń darí kò dúró sójú kan. Ní ìgbà ìbàlágà, eegun a máa yára gùn. Iṣan a máa tẹ̀lé eegun bí ènìyàn bá ń sáré, tí ó ń fò, tí ó ń nà án lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iṣan tí ó le gbagidi kì í rí nínà tó, nítorí náà eegun á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo aránṣọ ni ó mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gé aṣọ inú kúrú ju aṣọ ìta lọ: aṣọ ìta á ká, bí a tilẹ̀ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀yìn itan ṣe fa orúnkún Àjàní tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ara ń wúwo sí i lọ́dọọdún, agbára iwájú itan tí ó ń gbé e ró kò sì pọ̀ sí i bákan náà. Bí orúnkún bá sì ti tẹ̀, iwájú itan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ìdúró láìsinmi, bíi kí ènìyàn máa rìn kiri ní ìlóṣòó. Yóò rẹ̀ ẹ́, orúnkún á tún tẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ìrora iwájú orúnkún ti wá. Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ mi rárá.

Ó tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́ kí ó má baà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ni ó ń di ojúgun mú kí ó má ṣubú síwájú nígbà tí a bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá mú òun nìkan gùn jù, tí a kò wo orúnkún àti ìbàdí tí ó wà lókè rẹ̀, gìgísẹ̀ á kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń lọ, ojúgun lè máa dà síwájú kí orúnkún sì máa tẹ̀. Ó ní orúnkún lè tẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ kankan pẹ̀lú, mo sì gbà. Mo kà á nígbà tí ó yá pé William John Little, dókítà ará London tí ó kọ̀wé nípa àìsàn yìí lọ́nà kíkún ní nǹkan bí ọdún 1861 sí 1862, òun fúnra rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan tí ó wọ́ láti kékeré, àti pé ní 1836, Stromeyer, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, gé iṣan gìgísẹ̀ náà fún un, ó sì rìn dáadáa. N kò lòdì sí iṣẹ́ abẹ náà. Wíwo gìgísẹ̀ láìwo òkè ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Oríṣi ìpele márùn-ún ni wọ́n fi ń mọ bí ẹni tí ó ní cerebral palsy ṣe lè rìn sí, èyí tí Robert Palisano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997. Ẹni ìpele kìíní ń rìn káàkiri láìdi nǹkan mú; ẹni ìpele karùn-ún, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Àwọn ọmọ tí kò ju ọdún méjìlá lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ọdún 2007, ọdún tí a bí Àjàní, ni wọ́n tó fi apá ti ọmọ ọdún 12 sí 18 kún un. Ní 2009, ìwádìí kan láti Kánádà fi hàn pé àwọn ọmọ ìpele kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún a máa pàdánù díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n lè ṣe bí wọ́n ti ń kúrò ní ọmọdé. Ìpele kejì ni wọ́n fi Àjàní sí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tí a padà wá, ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì ni ó nílò kí ó tó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò ọkọ mi tí ó wà ní London ti gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń gé díẹ̀ nínú iṣan-ara, ìyẹn okùn tí ó ń gbé iṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, èyí tí ó ń mú ẹsẹ̀ le. Ó ní ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń san owó rẹ̀ fún àwọn ọmọ láti 2018, ó sì fẹ́ kí a kó gbogbo ohun tí a ní lé e lórí. Dókítà eegun sọ fún wa pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe é fún níbẹ̀, pé ìgbà Àjàní ti kọjá, àti pé iṣẹ́ abẹ yẹn kò lè na iṣan tí ó ti kúrú tán. Bákan náà ni ó sọ nípa abẹ́rẹ́ botulinum: ó ń dẹ iṣan fún bí oṣù mẹ́ta, ó dára fún ọmọdé tí iṣan rẹ̀ kàn le lásán, ṣùgbọ́n ti Àjàní ti kọjá líle, ó ti kúrú. Oògùn baclofen tí a gbìyànjú, tí òun náà ń dẹ iṣan, ń mú un tòògbé ní kíláàsì, a sì dá a dúró díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kí a ṣe é. Mo mọ rírì dókítà tí ó lè sọ fún òbí pé nǹkan báyìí kò ní í wúlò fún ọmọ rẹ, nígbà tí owó ti wà lọ́wọ́ òbí náà tí ó ń wá ibi tí yóò ná an sí.

Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, dókítà náà ní kí n jọ̀wọ́ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú bí mi. Èmi ni mo gbé e pọ̀n dé gbogbo ibi tí ó dé láyé. Nígbà tí wọ́n pè mí padà, ó ní òun ti bi Àjàní pé kí ni ó fẹ́ fi ìrìn ṣe. Ìdáhùn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá náà ni pé òun fẹ́ lè dúró tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun láìdi ògiri mú, kí òun lè gun àtẹ̀gùn dé yàrá kọ̀ǹpútà, kí orúnkún má sì ro òun lóru. Kò sọ pé òun fẹ́ rìn bí àwọn ọmọ yòókù. Èmi ni mo ń fẹ́ ìyẹn. Mo ti ń gbàdúrà ọdún mẹ́rìnlá fún ohun tí ọmọ náà kò béèrè, èyí tí ó sì ń béèrè kò jìnnà rárá.

Wọ́n fi fóònù ya fídíò ìrìn rẹ̀ láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ya fọ́tò eegun ìbàdí rẹ̀ láti rí i pé kò ń yẹ̀, wọ́n sì wọn bí orúnkún ṣe lè nà tó: ti ọ̀tún ku ìwọ̀n digíríì 25 kí ó tó nà tán, ti òsì ku 20. Lẹ́yìn náà ni oṣù mẹ́rin ìmúrasílẹ̀, tí wọ́n ń fi POP na orúnkún díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ó sì ń ṣe eré ìdárayá láàárín. Ní 2022 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wọ́n mú iṣan ẹ̀yìn itan gùn, wọ́n gé eegun itan lókè orúnkún díẹ̀ kí ó lè nà, wọ́n sì fa iṣan tí ó di orí orúnkún mú sísàlẹ̀ kí ó lè tún ní agbára. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi ṣe ọ̀kan lọ́dún yìí kí a sì ṣe ìkejì lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí owó. Dókítà ní oníṣẹ́ abẹ eegun kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Toronto, Mercer Rang, ti kìlọ̀ fún ayé nípa èyí: àwọn ọmọ tí wọ́n ń gé lọ́dọọdún, tí ó jẹ́ pé POP ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹgbẹ́ aránṣọ wa dá owó, ọkọ mi ta ilẹ̀ kan, a sì san án.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi bí ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò ti le tó. Ní ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ẹni pé ó tẹ ẹyín iná. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé ìrora iṣẹ́ abẹ lásán ni. Físíò wa ni ó mọ̀ ọ́n: iṣan-ara ńlá tí ó gba ẹ̀yìn itan kọjá ti bá orúnkún kúrú láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ti nà án lójijì. Wọ́n dẹ orúnkún padà díẹ̀ nínú ohun tí ó dè é, wọ́n sì ń nà án díẹ̀ lójúmọ́ títí jíjó náà fi lọ. Nígbà tí ó tún dúró, kò lágbára tó bó ṣe wà ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ó sì sọ fún mi pé a ti bà á jẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ó gbà kí ó tó padà sí ibi tí ó ti kúrò, oṣù mẹ́fà mìíràn kí ó tó kọjá rẹ̀.

Ohun tí ó gbé e kọjá ni agbára. Nígbà kan rí, wọ́n gbà pé bí ẹni tí iṣan rẹ̀ le bá ń gbé ẹrù, yóò túbọ̀ le ni. Wọ́n ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àjàní ń dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ó ń jókòó, ó tún ń dìde, pẹ̀lú báàgì tí mo rán fún un tí a ń da iyanrìn sí, kílò kan ní ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́fà nígbà tí ó yá. Ó ń gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lọ sókè sódò. Lálẹ́, ó ń da ikùn délẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ìbàdí lè nà. Ike tí wọ́n ṣe láti gbé ojúgun ró ni ó kọ̀ láti wọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́, nítorí ṣòkòtò kò bò ó. Mo ti fẹ́ kígbe kí n tó rántí pé iṣẹ́ mi ni èyí. Mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fẹ̀, mo fi síìbù sí ojú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, kí ó lè ṣí i kí ó sì pa á dé láìbọ́ ṣòkòtò. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ike yẹn sílẹ̀. Mo ti rán irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ mìíràn tí a jọ ń pàdé ní ẹ̀ka físíò, n kì í sì í gba owó iṣẹ́.

Ó ń dá dúró tọ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá di irin rẹ̀ mú. Nínú ilé, kò lo ọ̀pá; bí ó bá ń lọ sí ibi tí ó jìnnà díẹ̀, ọ̀pá kan; bí a bá ń lọ sí ọjà Bódìjà, wíìlíṣíà ni, òun ni ó sì yàn án fúnra rẹ̀. Nígbà kan, ojú ń tì mí láti tì í kọjá lójú àwọn tí ó gbọ́ ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí òun bá fi ẹsẹ̀ rìn ọjà já, òun kò ní í lè ṣe ohunkóhun fún ọjọ́ méjì, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà. N kò rí èsì fún un.

Láti ìlà 55 àbọ̀ ti 2020, n kò fa ìlà kankan fún un fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé n kò fẹ́ rí i. Ní oṣù Kejìlá 2023, òun fúnra rẹ̀ lọ dúró ti òpó náà, ó sì pè mí. Ínṣì 64 ni, lórí ẹní sì ni 64 àbọ̀. Ìlà ti 2024 fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí rẹ̀. Físíò ní eegun rẹ̀ ń parí dídàgbà, ṣùgbọ́n kí a ṣì máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó sì kọ ọjọ́ náà sínú káàdì kí a tó kúrò. Àjàní ni ó gba bírò lọ́wọ́ mi lọ́dún náà. “Màmá, ẹ jẹ́ n fà á fúnra mi,” ni ó wí, “ọwọ́ yín kò tó orí mi mọ́.”